Mọ́tò Tó Ń Ṣe Kọ́kọ́kọ́

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Ẹlẹ́yin wí, ó sì ká ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù.

Ọkọ rẹ̀ kò dákẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti jáde nílé ló ti ń sọ ìtàn àkùkọ kan tó jẹ́ pé ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tán pátápátá ló tó ń kọ, ìtàn náà sì ti dé ibi tó dùn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ohùn rẹ̀, láti iwájú mọ́tò, ìró kan ń bọ̀: kọ́-kọ́-kọ́-kọ́, bí adìẹ tó ń ṣá àgbàdo lórí páànù. Bí Ẹlẹ́yin bá tẹ tọ́tù, adìẹ á yára. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, adìẹ á rọra.

Ìró náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Kékeré ni tẹ́lẹ̀, ohun tí èèyàn lè fi orin bò mọ́lẹ̀, Ẹlẹ́yin sì ti fi orin bò ó títí orin fi tán lẹ́nu rẹ̀. Mẹkáníìkì méjì ti wò ó. Àkọ́kọ́ pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, ó ní ó parí. Ìkejì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tún gbọ́ ìró náà lẹ́yìn tó ṣe tán, ó wá ní ó yẹ kí mọ́tò máa dún díẹ̀díẹ̀ kí ẹni tó ń wà á lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Láàárọ̀ yìí, ó jọ pé mọ́tò náà fẹ́ kú. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹjọ́, iná pupa kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, iná tí wọ́n yà bí agolo epo ẹlẹ́nu gígùn.

"Iná wo nìyẹn?"

"Iná tí kì í tàn fún ire."

Ó rọra ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa mọ́tò. Lẹ́yìn wọn, kéréètì ẹyin kún dé òrùlé. Ó ti pẹ́ tó ti tú àga ẹ̀yìn kúrò kí àyè lè gba ẹrù. Ilé ìdáná ilé ìwòsàn ló ń retí ẹyin náà, oòrùn sì ti ń yọjú.

Ẹlẹ́yin ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí òun ló ń gbé ẹyin kiri sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, sí ilé ìwòsàn àti sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú àwọn adìẹ. Rédíò ni wọ́n ń pe òun, kò sì sẹ́ni tó nílò àlàyé lórí orúkọ náà. Ọkùnrin yìí a máa bá adìẹ sọ̀rọ̀, a máa bá ìlẹ̀kùn sọ̀rọ̀, bó bá sì sùn, ètè rẹ̀ á ṣì máa mì, bí ẹni pé wọ́n rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni, wọn ò pa á. Ẹlẹ́yin fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé tí òun dàgbà sí, ilé tó pa rọ́rọ́ ni. Ìyá wọn kú, bàbá wọn tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló tọ́ ọ, ẹni tó jẹ́ pé orí ló fi ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni," ọwọ́ ló fi ń sọ "rárá." Ẹ̀gbọ́n rere ni. Ṣùgbọ́n èèyàn lè gbé ilé náà lódindi ọjọ́ kan kó má gbọ́ ju ìró ṣíbí lọ.

Rédíò wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"A ò mà jìnnà sí ibi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Mo mọ̀."

"Téèyàn bá kọjá kọ́nà yẹn báyìí…"

"Mo ní mo mọ̀."

Ó mọ̀ dáadáa. Láti ìgbà òjò tó kọjá, kò gba títì yìí mọ́. Ọ̀nà tó jìn jù ló ń gbà káàkiri ìlú, kó má bàa rí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òní nìkan ló gbà á, nítorí wọ́n ń ṣe ọ̀nà kejì, wọ́n sì ti fi àgbá dí i. Kò sí mẹkáníìkì mìíràn nítòsí. Ká tiẹ̀ ní ó wà, Ẹlẹ́yin mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò yìí, ẹni náà sì ni òun ti ń yẹra fún.

Ohun tí Rédíò kò mọ̀ ni ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kán, kò lè wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya gbé àlòkù mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, wọ́n lọ kí i. Ìkánjú ń bá wọn, nítorí náà wọn ò tiẹ̀ pa mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi igi tilẹ̀ jáde, ó dúró lẹ́bàá ògiri, Rédíò sì bẹ̀rẹ̀: adìẹ, oúnjẹ adìẹ, àrùn adìẹ, ohun tí adìẹ kan ṣe fún àkùkọ kan. Láàárín ọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rún ojú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, bí ìgbà tí èèyàn ń dá mọ́tò dúró lójú títì. Rédíò rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ń bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé sórí fóònù. Ohun tí Ẹlẹ́yin kà níbẹ̀ ni pé ọkọ òun kò dára, pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé kí òun dá a padà sílé àwọn tó bí i kó tó pẹ́.

Ó fèsì ní gbólóhùn mẹ́ta, ó dí nọ́ńbà náà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kí ló fẹ́ sọ fún Rédíò? Pé ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún òun láyé ní kí òun dá a padà bí ìgbà tí wọ́n ń dá bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ padà? Ó mọ ọkọ rẹ̀. Tó bá gbọ́ ọ, á fi ṣe ẹ̀rín lójú àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ilé wọn náà á wá pa rọ́rọ́. Nítorí náà, bí Rédíò bá bi í pé kí ló wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní ọ̀rọ̀ ilé àwọn ni. Inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Ibẹ̀ náà lòun ó jẹ́ kí èyí máa gbé.

"Jókòó ti ẹyin ẹ," ni Rédíò wí, ó ti ṣílẹ̀kùn. "Mo ń lọ pè é."

Ó di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. "Ẹ má lọ."

"Kí ló dé gan-an? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ ríra, mi ò sì rí ibi tá a ti jà." Ó rọra tú ìka rẹ̀ kúrò lára aṣọ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ohun yòówù kó jẹ́, ìwọ àti òun lè padà máa bá ìjà yín lọ lẹ́yìn tá a bá tún mọ́tò ṣe tán. Ìjà kì í bàjẹ́. Ẹyin ló ń bàjẹ́."

Ó lọ. Ẹlẹ́yin jókòó sínú mọ́tò, ó di síárìn mú bí ẹni pé ó ṣì ń rìn. Ẹ̀rù ń bà á. Kì í ṣe ti mọ́tò mọ́. Ó ń rò ó pé bí àwọn méjèèjì bá dúró níwájú ara wọn, tí Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n òun lè sọ ọ́ sí i lójú. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sọ ọ́, ó sọ ọ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ tó fi rí wọn nínú dígí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣíwájú, nínú aṣọ iṣẹ́ tí a kò lè dárúkọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ó ń tiro díẹ̀. Rédíò ń tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Irun ẹ̀bátí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti funfun, òun ò sì sí níbẹ̀ nígbà tó ń funfun.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n."

"Káàárọ̀." Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń wò. "Ṣí i."

Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo jáde, ó wò ó, ó nù ún, ó tì í padà. "Sítáàtì ẹ̀. Fẹ́ẹ́rẹ́."

Kọ́-kọ́-kọ́-kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ irin gígùn kan lápò, ó fi orí rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí, ó di ojú. Rédíò ń ṣàlàyé bí ìró náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí aládùúgbò wọn sọ nípa rẹ̀. Láìla ojú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí i.

Ọwọ́ ọjọ́ náà nìyí, ojú ọjọ́ náà nìyí, tó rún bí ojú ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. Ẹlẹ́yin fẹ́ẹ̀ sọ pé kó fi ọkọ òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti la ojú.

"Pa á. Ẹ jẹ́ ká tì í."

Wọ́n tì í dé ṣọ́ọ̀bù, Ẹlẹ́yin nídìí síárìn, ọkùnrin méjì lẹ́yìn, ẹyin láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ kan lára ìṣó ara ògiri, ó nà án sí Rédíò. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tirẹ̀ ni, mọ́tò akẹ́rù kékeré tó wà níta, èyí tí kì í yá ẹnikẹ́ni.

"Gbé ẹyin lọ," ni ó wí. "Máa rọra."

Rédíò dúpẹ́ ní ọ̀nà bíi mẹ́rin, ó ṣì ń dúpẹ́ nígbà tó ń kó kéréètì, ó ń dúpẹ́ lójú fèrèsé mọ́tò náà bó ṣe ń fà sẹ́yìn bọ́ sójú títì. Lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ wá dákẹ́.

Kò sí ohun tó yí padà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n dà lé epo tó jò sílẹ̀ ṣì wà, sípánà ṣì wà lára ògiri láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, gbogbo wọn sì ní òjìji tí wọ́n fi ọ̀dà yà sẹ́yìn wọn kí wọ́n má bàa sọnù. Ìdí tábìlì tó wà lábẹ́ fèrèsé yẹn ni Ẹlẹ́yin ti máa ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó dúró. Kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹrí bọ inú mọ́tò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, kò sì sọ ohun tó fẹ́. Kí Ẹlẹ́yin tó ronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ìdí ògiri, ó ti mú sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá, ó ti fi sí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á, ó ń tú nọ́ọ̀tì lọ. Bí ìgbà tó wà lọ́mọdé ni, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.

Nígbà tí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì ṣí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é sún mọ́ tòsí. Ó fi ìka tẹ irin kékeré kan mọ́lẹ̀. Irin náà wọlé bí ẹni tẹ tìmùtìmù.

"Tápẹ́ẹ̀tì. Kò yẹ kó rọ̀ báyìí. Epo kì í dúró nínú ẹ̀ mọ́. Òun ló ń ṣe kọ́kọ́kọ́. Ohun tó já lára ẹ̀ ló wá ń dí epo lọ́nà, ni iná fi tàn."

"Ṣé mọ́tò ti kú nìyẹn?"

Ó fi ọwọ́ sọ rárá. Ó tiro lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gun àpótí, ó gbé páálí kan sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ òkè. Eruku tó wà lórí rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìka rẹ̀ fi hàn níbi tó ti dì í mú. Nígbà tó já a, tápẹ́ẹ̀tì tuntun ló wà níbẹ̀, wọ́n fi bébà olóròóró dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́yin wo ara páálí náà. Irú mọ́tò rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀, irú tí àwọn mẹkáníìkì méjì yẹn ti sọ fún un pé kò sí ohun èlò rẹ̀ nílùú.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Mo ránni sí i."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí mo kọ̀wé sí ẹ pé ọkọ̀ ò dára."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ó sì ń já bébà lára tápẹ́ẹ̀tì kejì.

"Kí lẹ ní kò dára?"

"Ọkọ̀."

"Ọkọ̀?"

"Mọ́tò," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó fi sípánà kan ara ẹ́ńjìnnì gbàn-ín. "Mọ́tò yìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá, mo ń gbọ́ ọ látìdí ògiri. Kékeré ni nígbà yẹn. Ọkọ ẹ ń sọ̀rọ̀, mo ní kó jẹ́ n gbọ́ dáadáa."

Ẹlẹ́yin fa fóònù yọ. Kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò tún un kà rí láti ọjọ́ náà. Ó wá a títí ó fi rí i. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ ọ́ nìyí, bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù, láìsí àmì kankan:

*Oko ti o mu wa lanaa ko dara. Ariwo re ti poju. Da a pada fun awon to ni in ki o to pe. Ma binu.*

Ó kà á jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹnu, bó ṣe kà á lọ́jọ́ náà. Re-re: ọkọ. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn ìkẹyìn rẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Re-dò: ọkọ̀. Gbogbo gbólóhùn tó kù dìde, wọ́n tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan yẹn lọ sí ibòmíràn. Àwọn tó ni ín. Àwọn tó ta mọ́tò fún wọn ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tó bí ẹnikẹ́ni.

Ó jókòó sórí táyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ ni mo kà."

"Hẹ̀n?"

"Ọkọ mi. Mo rò pé ọkọ mi lẹ ní kò dára. Pé ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù. Pé kí n dá a padà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé tápẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó gba fóònù náà, ó na ọwọ́ mú un jìnnà sójú, ó kà á. Ó tún un kà.

"Rédíò?" ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Rédíò."

"Kí n ní kó o dá Rédíò padà fún àwọn tó ni ín?" Ó dá fóònù padà fún un. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?"

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹlẹ́yin kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, irú ẹ̀rín rẹ̀ tí kì í ní ohùn, omi ń ti ojú rẹ̀ jáde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, epo dúdú sì ń yí i lójú. Bí ó ṣe rí i bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín gba òun náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún.

"Ká ní mọ́tò lẹ kọ!" ni ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mọ́tò náà la kúkú máa ń pè é!"

"Ọkọ̀ kúrú jù ú lọ." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ṣé o rántí ohun tí ìwọ náà kọ? O ní: *Mi ò dá a padà. Bó ṣe wà yẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ má dá sí ọ̀rọ̀ mi mọ́.* Mo kà á, mo tún un kà. Mo bi ara mi pé irú ìfẹ́ mọ́tò wo nìyí. Ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú ni mo rí, ni mo ṣe sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé o ti fi kòkòrò náà ṣe ọkọ."

Ẹ̀rín tún mú wọn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ yọjú.

"Mo pè ẹ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Kò wọlé."

"Mo dí nọ́ńbà yín."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó mú tápẹ́ẹ̀tì, ó rì í sínú abọ́ epo, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ìfófòó kéékèèké ń yọ lójú epo. "Mo ní, ká ní o mọ bí ilé ṣe dá páropáro lẹ́yìn ẹ, o ò ní ṣe mí bẹ́ẹ̀ nítorí irin lásán."

Ẹlẹ́yin sunkún. Kò fi pa mọ́. Gbogbo ìgbà tó fi ń yí ìlú po kó má bàa rí ẹnu ọ̀nà yìí, gbogbo alẹ́ tó ti fẹ́ sọ nǹkan fún ẹnì kan, tó wá rántí pé ẹni náà kò sí mọ́, ó sun gbogbo rẹ̀ lẹ́kún lórí táyà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní kó dákẹ́. Ó ń rì tápẹ́ẹ̀tì sínú epo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí aṣọ funfun kan.

"Jẹ́ n bi ẹ́," ni ó wí nígbà tí ẹkún náà rọ̀. "Ká ní òun gan-an ni mo wí ńkọ́?"

"Mi ò ní dá a padà."

"Èmi ni mo wí o."

"Kódà kó jẹ́ ẹ̀yin. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

Ó ń retí pé ojú rẹ̀ á rún. Kò rún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo mọ́tò tó ti tún ṣe tí ó sì fẹ́ jẹ́ kó jáde.

"Nígbà tí bàbá wa ń kú lọ, ẹ̀rù ń bà á pé o ò ní lè sọ irú ìyẹn láé," ni ó wí. "Ó ní o rọ̀ jù. Pé ẹnikẹ́ni lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ. Ó ní kí n máa ṣọ́ ẹ." Ó padà sídìí ẹ́ńjìnnì. "Fún mi ní sípánà méjìlá."

Ó fún un ní méjìlá.

Oòrùn ti kúrò lójú ìlẹ̀kùn nígbà tí Rédíò padà dé. Wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Ẹyin kankan kò fọ́. Olórí ilé ìdáná ti kọ́kọ́ ń bínú, ó ti rẹ́rìn-ín, ó ti fún un ní omi tútù. Kọ́nà kan wà tó jẹ́ pé tí kì í bá ṣe pé òun… Ó rí ojú ìyàwó rẹ̀. Ó dúró.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹlẹ́yin wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo inú mọ́tò, bí ẹni pé kò gbọ́. Ẹlẹ́yin wá sọ ọ́. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi fóònù hàn án, ó kà á lọ́nà méjèèjì. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà! Àṣìgbọ́ ni mo ti ń gbọ́, àṣìkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé!" Ó ti la ẹnu láti fi òmíràn kún un, ṣùgbọ́n nǹkan kan dá a dúró. Ẹlẹ́yin rí i bó ṣe ń ṣírò rẹ̀ lójú.

"Láti ìgbà òjò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O rò pé ó ní kó o dá mi padà. O wá jókòó láìní ẹ̀gbọ́n, o ò sì sọ fún mi?"

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ."

Rédíò wo ilẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sí ohun tó jáde níbẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó kàn wá dúró tì í, ó fi apá kan apá rẹ̀.

"Sítáàtì ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ẹlẹ́yin wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kọ́-kọ́-kọ́-kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ìka kan sókè: ní sùúrù. Epo ń wá ọ̀nà rẹ̀. Kọ́-kọ́. Kọ́. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́ àfi ìmí ẹ́ńjìnnì náà, tó ń lọ geere. Iná pupa ti kú. Ó tẹ tọ́tù díẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbọ́ ọ bí kò ṣe dún. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀, ó nu ìka kọ̀ọ̀kan, ó ń wo Rédíò láti ẹ̀gbẹ́.

"Àwọn adìẹ yẹn," ni ó wí. "Wọ́n tó mélòó báyìí?"

Rédíò gbójú sókè. Ó dáhùn, ohùn rẹ̀ kò kọ́kọ́ dán mọ́rán. Ó ní wọ́n ti ń pọ̀, pé àwọn tuntun kan dé, pé ọ̀kan wà láàárín wọn tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí òun fọwọ́ kan ẹyin rẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n. Kò rí ọwọ́ tó gbé sókè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ adìẹ náà láti orísun.

Nígbà tí Ẹlẹ́yin ń dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, kò rí i rí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Nísinsìnyí, ó ń wò ó nínú dígí, bó ṣe fi ẹsẹ̀ fa àpótí kan sún mọ́ ọkọ rẹ̀, tó nu orí àpótí náà, tó sì jókòó.